Ọwọ́ Tó Wa Lọ́rì Náà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ fún Sájẹ́ǹtì pé àwàdà lásán ni, kó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀nà àsálà wà. Olùdarí fíìmù kò wẹ̀yìn wò. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì ológun kan tó ti gbó, ó sọ ọ́ sí i lójú, ó tún fọwọ́ gbá a léjìká pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni obìnrin náà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ ológun kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Sájẹ́ǹtì títí dòní.  Bébà ìtàn fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún ń kà, torí inú tó bí i nígbà àkọ́kọ́ kò jẹ́ kó rí ìlà ìsàlẹ̀ dáadáa.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní Kọ́pọ́rà Jàǹbá, obìnrin awakọ̀, ń wa lọ́rì bọ̀ láti orí òkè. Bíréèkì já. Ó fi sítíárì sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń ké. Lọ́rì sáré lọ wó pèpéle tí Ọ̀gágun dúró sí. Ṣójà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fò bọ́ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Iye yẹn gan-an ló dà bí ẹni gbá a létí. Nínú gbogbo èèyàn tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, àwọn káfíńtà, àwọn òṣèré, àwọn tó ń fa wáyà iná, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn lọ́rì kan lọ́jọ́ kan rí, àfi òun. Òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún olùdarí. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé obìnrin yìí kàn ń bínú kiri ni.

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì wọṣẹ́ ológun, obìnrin mọ́kànlá ló wà ní ẹ̀ka àwọn awakọ̀ láàárín igba ọkùnrin. Ìgbálẹ̀ ni ọ̀gá tó gbà wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa gbá ọgbà ọkọ̀, kí wọ́n fi mọ àwọn ọkọ̀ náà lójú ná. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gbá a. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé lọ́rì fún un nígbẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin gbé ìjókòó jáde láti yàrá wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ìran. Ó yí lọ́rì náà po nínú ọgbà tí kò fẹ̀ yẹn, ó fẹ̀yìn gbé e padà sí àyè rẹ̀, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ibi tí táyà ti ha ilẹ̀. Wọ́n gbé ìjókòó wọn wọlé.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ lọ́jọ́ náà ni obìnrin kan tí wọ́n jọ wọṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Á máa sín ọ̀gá àgbà jẹ, tikùn tikọ́, títí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ yóò fi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Sájẹ́ǹtì kò mọ àwàdà. Àwọn ológun ló ni àwàdà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ẹkún lọ ni wọ́n sì ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kó ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Ẹlẹ́rìn-ín ló wà níwájú, Sájẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Ẹlẹ́rìn-ín ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé bíréèkì lọ́rì òun kò dára mọ́, tí ọ̀gá kan sì ń fọwọ́ sí i pé ó dára. Láàárín òkè, bíréèkì já. Àpáta wà lọ́tùn-ún, àpáta wà lósì. Ní apá kejì sí ti awakọ̀, pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti jábọ́, àwọn ọmọ ogun sì na ẹsẹ̀ síta níbẹ̀. Bí lọ́rì bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn gbá àpáta, ẹsẹ̀ wọn á lọ. Ẹlẹ́rìn-ín fa jíà wálẹ̀, ó tún un fà wálẹ̀, ó wá fi apá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ gbára lé àpáta, ó ń fi irin ha òkúta, ó ń fi ilẹ̀kùn tirẹ̀ dá lọ́rì dúró. Lọ́rì dúró. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kò sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ìwé kan síwájú Sájẹ́ǹtì, torí òun ni ẹlẹ́rìí tó rí i. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i pé bíréèkì dára ló gbé e wá. "Àṣìṣe awakọ̀" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀gá ní kó fọwọ́ sí i. Ṣójà ni, kọ́pọ́rà lásán ni nígbà náà, ó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ kan tí inú kò bí i sí ọwọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì ni Ẹlẹ́rìn-ín fi sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì gbà á tọ́. "Ọkọ̀ ló pa ìyá rẹ" ni gbogbo ohun tó rí sọ fún un. Bó bá ti fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dìde lọ wá iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjìlá, ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí, ẹ̀dà ìwé yẹn tí Sájẹ́ǹtì tọ́jú ló rí. Ó ka "àṣìṣe awakọ̀". Ó rí ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń rí lórí káàdì iléèwé rẹ̀ ní gbogbo sáà. Ó ká ìwé náà padà bó ṣe wà, ó ti àpótí, kò béèrè nǹkan kan. Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀, òun náà kò sì sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́wàá rèé. Ọmọ náà ti wọṣẹ́ ológun báyìí, ẹ̀ka àwọn awakọ̀ ló sì mú. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni ìyá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì ló ń dárúkọ. Kì í mẹ́nu ba èkejì.

Ìdí nìyẹn tí Sájẹ́ǹtì fi la ẹnu nígbà tí olùdarí wá a wá. Fíìmù ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ ṣe, èyí tí yóò fi iléeṣẹ́ ológun ṣe yẹ̀yẹ́ látòkè délẹ̀. Ó fẹ́ kí Sájẹ́ǹtì kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá àti bí wọ́n ṣe ń tò, kó sì bá wọn wa lọ́rì. Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bébà gbọọrọ kan wà lára ògiri níbẹ̀, tí wọ́n kọ irú èèyàn tí yóò wà nínú fíìmù náà sí: obìnrin, ọ̀kan, ẹni kúkúrú, ọ̀kan, olójú kan, ọ̀kan, àfín, ọ̀kan, arúgbó, ọ̀kan. Wọ́n ti fi bírò pupa sàmì sí àwọn tí wọ́n ti rí. Ìwé tí èèyàn ń mú lọ sọ́jà kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùdarí ní ayé ti yí padà. Ó ní fíìmù ṣójà tàtijọ́, ọkùnrin gíga ẹlẹ́yinjú líle nìkan ló ń kún inú wọn, tòun á gba gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ ìtàn gidi fún mi. Mo fẹ́ kí obìnrin inú fíìmù yìí jẹ́ èèyàn gidi."

Sájẹ́ǹtì sọ ọ́. Ohun tí kò rí sọ fún ọmọ tó tọ́, ó sọ ọ́ fún àjèjì tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. Sájẹ́ǹtì wá ń dá a rò pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fíìmù náà jáde, òun á mú ọmọ lọ, ọmọ á fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe, ẹnu òun ò sì ní níṣẹ́ kankan láti ṣe. Ohun tó ń retí nìyẹn. Òun ló wá di Kọ́pọ́rà Jàǹbá yìí.

"Ìwọ," ó sọ fún olùdarí, "ta ni mo sọ fún ẹ pé ó bojú?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú, mo ní àwàdà ni. Tí kì í bá ṣe èmi, ta ló máa fi obìnrin ṣe ṣójà nínú fíìmù? Ọkùnrin ni wọn ì bá kó kún ibẹ̀. Èmi ni mo jà kí obìnrin wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Kí lo wá ní kó ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń wa lọ́rì."

"Ó bojú."

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, tí obìnrin bá wa lọ́rì dáadáa, kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tóun sọ. Àwọn káfíńtà tó ń kan pèpéle dáwọ́ dúró. Sájẹ́ǹtì fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ga.

"Ọ̀gágun ni kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òun ló fọwọ́ sí i pé bíréèkì dára. Gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́ lórí pèpéle, kó máa kà á sétí gbogbo ayé pé kò sí ọkọ̀ òun kankan tó lálèébù. Kí lọ́rì wá máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé kó sá, kó máa rò pé wọ́n ń yin òun ni, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìwé náà látòkè."

Ẹ̀rín bú jáde láàárín àwọn káfíńtà. Ọkùnrin kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn lọ́rì, tó ń gán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù Ọ̀gágun, rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Olùdarí náà rẹ́rìn-ín, kó tó wá rántí pé òun ni olùdarí.

"Ó dáa gan-an, Mọ́mì. Àmọ́ òṣèrébìnrin wa ti kọ́ bó ṣe máa ké."

Sájẹ́ǹtì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lé orí imú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n wá awakọ̀ míì, ó lọ jókòó sábẹ́ igi.

Wọ́n wá awakọ̀ míì. Mẹkáníìkì wọn ni. Wọ́n fi wíìgì dé e lórí, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì òṣèrébìnrin fún un, irùngbọ̀n rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ọkùnrin tí abẹ́rẹ́ gún wá jókòó ti Sájẹ́ǹtì lábẹ́ igi. Télọ̀ ni, ó kúrú débi pé àpótí ló máa ń gùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó orí máṣíìnì, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Gíga. Òun ló rán gbogbo yunifọ́ọ̀mù fíìmù náà, òun ló sì jẹ́ "ẹni kúkúrú, ọ̀kan" tó wà lára ògiri.

"Ẹ wò ó, Sájẹ́ǹtì," ó ní, ó ń fi ẹnu fa ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Obìnrin ti pé méjì nínú fíìmù wa. Kí wọ́n yáa lọ fi bírò pupa sàmì sí i."

Sájẹ́ǹtì kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n ní kí ìwọ ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n máa fi bẹ́líìtì gbé mi kọ́ sórí ìṣó bíi kóòtù. Mo ti ń gbé kóòtù kọ́ láti ọdún tó ti pẹ́, mi ò rí èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín rí. Wọ́n ní ká wá jẹun, a wẹ̀, a múra. Àfi bá a ṣe débẹ̀ tó jẹ́ pé àwa lẹran."

"Kí wá ló dé tí o fi gbà?"

"Tí n bá kọ̀, ọmọdé ni wọ́n máa lẹ irùngbọ̀n mọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní èmi nìyẹn." Ó tọ́ka sí mẹkáníìkì oníwíìgì. "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ má rò pé àyè yín á ṣófo."

Lọ́rì àtijọ́ ni lọ́rì náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí jíà kan tó wọlé, mẹkáníìkì kò sì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà kẹrin, ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn, ó tẹ tábìlì tí wọ́n to kọ́ọ̀pù tíì sí pẹrẹsẹ, wíìgì sì bọ́ sójú rẹ̀. Pèpéle kan ṣoṣo ló wà, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án, èèyàn sì máa wà lórí rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, olùdarí rìn wá sábẹ́ igi, kò sì gbá ẹnikẹ́ni léjìká mọ́.

"Mọ́mì, ẹ wà á bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an. Mo ṣèlérí fún yín, mi ò ní yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí télọ̀ sọ ló gbé Sájẹ́ǹtì dìde, kì í ṣe ìlérí yẹn. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ òun, ọwọ́ oníwíìgì ni. Ó dé fìlà, ó gun lọ́rì lọ sórí òkè. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn, télọ̀ wà láàárín wọn. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ jọ lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà, ó ga bí ògiri.

Kò tẹná rárá. Ó jẹ́ kí lọ́rì gbé ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, títí ìwúwo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, tí ẹ́ńjìnnì ń hó. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó tún un tẹ̀, ó fa jíà wálẹ̀. Ó tún fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi apá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ gbára lé erùpẹ̀ náà. Díńgí fọ́, ilẹ̀kùn ké, erùpẹ̀ ń ya wọlé sí i lẹ́sẹ̀, apá rẹ̀ sì le mọ́ sítíárì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, ó ń wo ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín wò láti orí ìjókòó Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé àyè wà láti ronú, pé obìnrin yẹn ronú, pé ó mọ apá tó yàn àti ìdí tó fi yàn án. Lọ́rì dúró, ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó dé pèpéle. Ọ̀gágun ti fò sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Àwọn tó wà lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.  Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn, ó dúró gbọnrangandan níwájú ilẹ̀kùn tó ti ká kò, ó kí Sájẹ́ǹtì bí ṣójà ṣe ń kí ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kó wà gan-an, torí Sájẹ́ǹtì ló kọ́ ọ. Olùdarí sáré wá, ó dì mọ́ ọn. "Mi ò ní yọ nǹkan kan níbẹ̀," ó tún wí.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi kún un ni.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹbí wọn. Ọmọbìnrin Sájẹ́ǹtì gba àyè ọjọ́ kan ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́, ó wọ yunifọ́ọ̀mù wá. "Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó o rí" ni Sájẹ́ǹtì sọ fún un, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan: òṣèrébìnrin, télọ̀, olójú kan, àfín, arúgbó, wọ́n to gbogbo wọn bí ẹni to ọjà. GBOGBO WA LA WÀ NÍBẸ̀ ni wọ́n kọ sí i lórí. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi fọ́tò kékeré Sájẹ́ǹtì nínú yunifọ́ọ̀mù síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ológun gidi fọwọ́ sí i. Sájẹ́ǹtì kò rántí pé òun fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó fẹ́ bínú, ó wo ọmọ, ó gbé e mì.

Inú gbọ̀ngàn kún. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń tò, tí gbogbo wọn yí sí ọ̀tún tí olójú kan yí sí òsì, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ. Ìyẹn dára. Wọ́n gbé télọ̀ kọ́ sórí ìṣó, gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Télọ̀ jókòó sí ìlà iwájú wọn, orúnkún ara rẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn náà ni lọ́rì yọ lórí òkè.

Sájẹ́ǹtì mọ táyà náà. Ó gbọ́ kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó gbọ́ jíà tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ lápá pé kó wò ó. Ojú òṣèrébìnrin sì kún gbogbo ara ògiri tí wọ́n ń tan fíìmù sí, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń ké. Lọ́rì tún dé, ó gbára lé erùpẹ̀, irin ń ké. Ojú òṣèrébìnrin tún dé, ó ń fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Inú yàrá kan ni wọ́n ti ya ìyẹn, nínú ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan, tí èèyàn méjì ń mì í láti ìta. Lọ́rì dúró níwájú pèpéle. Òṣèrébìnrin ṣí ìka kan kúrò lójú, ó ní, "Ṣé a ti dé ni?" Ọ̀gágun nu ojú rẹ̀, ó ní, "Orí ló kó wa yọ. Obìnrin ló wà á." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ìjókòó.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tinútinú, ó sọ orí sẹ́yìn, ó fọwọ́ lu orúnkún Sájẹ́ǹtì. Ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín gan-an ló ń rín, ìyá rẹ̀ sì ni wọ́n mú kó fi rẹ́rìn-ín.

Inú Sájẹ́ǹtì gbóná débi pé ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ létí ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ tẹ obìnrin kan náà rì. Ó wo ẹ̀yìn orí olùdarí níwájú, ó wọn bó ṣe jìnnà sí òun tó. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ó jókòó, ó di apá ìjókòó mú, eyín rẹ̀ pa dé mọ́ra.

Ẹ̀rín ọmọ náà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń lu ìjókòó, ó ti ń wo ògiri bí ẹni tí nǹkan kò yé.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ wa lọ́rì yẹn."

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Ẹni tó bojú ò lè fa jíà wálẹ̀ báyẹn. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ ṣì í yàn. Wọ́n kọ́ wa pé tí bíréèkì bá já, apá kejì ni ká fi ha ògiri, kí awakọ̀ má baà kú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi apá tiyín ha á?"

"Nítorí pé wọ́n na ẹsẹ̀ síta ní apá kejì."

"Àwọn wo? Kò sẹ́ni tó na ẹsẹ̀ síta nínú fíìmù yẹn."

"Kì í ṣe nínú fíìmù."

Ọmọ náà yíjú sí i.  Inú tó ń bí Sájẹ́ǹtì ló la ẹnu rẹ̀.

"Ìyá rẹ ló wà á báyẹn. Bíréèkì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí òkè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì ti ń kọ̀wé pé bíréèkì ọ̀hún ò dáa. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú mi ló ṣe. Ìwé tó o rí nínú àpótí, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo fọwọ́ sí i."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ kúrò lórúnkún Sájẹ́ǹtì.  Lórí ògiri, wọ́n ń fi omi lé Kọ́pọ́rà Jàǹbá kiri. Ọkùnrin kan níwájú yíjú padà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́ káwọn gbọ́ fíìmù.

"Ẹ dìde," ọmọ náà wí fún Sájẹ́ǹtì. Kò sí omi lójú rẹ̀ rárá. "Ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ sí mi létí. Ohùn tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ lórí pápá ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ."

Sájẹ́ǹtì dìde. Orúkọ àbísọ Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ pè, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí bíréèkì, lẹ́yìn náà ló pe tirẹ̀. Ohùn yẹn ti mú igba ọkùnrin dúró sójú kan rí, ó sì bo ti fíìmù mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin iwájú tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà ní kó jókòó kó gbọ́.